Bí Ọdẹ́gbàmí Ṣe Gba Ẹnu-ọ̀nà Àwùjẹ̀ Wọ Inú Orí Àbẹ̀jẹ́

Ẹ̀yin ará mi, ẹni tí ó bá ní iṣu lórí iná, kí ó tètè lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí mo bá ti la ẹnu báyìí, kò sí ẹni tí yóò fẹ́ dìde mọ́, iṣu á jóná, wọn á sì ní èmi Ògúnṣínà ni mo jó o. Ẹ jókòó dáadáa sídìí ọ̀dán yìí, oòrùn ọ̀sán kò ní bá wa níhìn-ín. Ẹ bomi fún mi kí n fi rẹ ọ̀fun, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò fẹ́ ẹnu gbígbẹ.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni mo pa ẹfọ̀n méje lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí ìkẹjọ wá bẹ̀ mí pé kí n jọ̀wọ́ òun, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Èmi ni àmọ̀tẹ́kùn pàdé lọ́nà oko tí ó ní òun gbàgbé nǹkan sílé. Ẹni tí ó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, rọra rẹ́rìn-ín, kí ẹ̀rín má lọ há ọ lọ́fun. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀rẹ́ mi ni, Ọdẹ́gbàmí ọmọ Akínlabí, ẹni tí a jọ gbé ìbọn kọ́ èjìká láti ìgbà tí irùngbọ̀n wa kò tíì tó ti òbúkọ. Bí ó ti rò ó fún mi gẹ́lẹ́ ni n ó ṣe rò ó fún yín. N kò ní bù mọ́ ọn, àfi ibi tí iyọ̀ bá kù díẹ̀.

Ọdẹ́gbàmí yìí, bí ó ti le tó nínú igbó, omi tútù ni níwájú ìyàwó rẹ̀. Àbẹ̀jẹ́ ni orúkọ obìnrin náà, obìnrin kúkúrú, eléjí, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Bí Ọdẹ́gbàmí bá ti igbó dé, tí ó sọ ìgalà kalẹ̀ gbì, tí gbogbo àdúgbò ń kí i ní akọni, Àbẹ̀jẹ́ á yọjú lójú fèrèsé. Á ní, "Baba Fóyè, ṣé ẹ̀yin lẹ pa ẹran yẹn, àbí àárẹ̀ ló pa á tí ẹ kàn lọ gbé e?" Ọdẹ́gbàmí á bú sẹ́rìn-ín, á ní, "Ìyá Fóyè, àárẹ̀ ni. Èmi kàn bá wọn gbé òkú." Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, kò sì sú wọn, bí omi kì í ti í sú ẹja.

Àbẹ̀jẹ́ ní ọ̀rẹ́ kan, Ràfátù onídìrí. Láti ìgbà ọmọge wọn ni Ràfátù ti ń dirun fún un, ọjọ́rú kan kò gbọdọ̀ fò. Á jókòó sórí àpótí, Àbẹ̀jẹ́ á jókòó sílẹ̀ sáàrin orúnkún rẹ̀, òfófó á bẹ̀rẹ̀, orin á tẹ̀lé e. Kò sí ọwọ́ mìíràn tí ó ń kan orí Àbẹ̀jẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, nítorí ibẹ̀ ni ìjàngbọ̀n ti yọ.

Àìsàn náà kò sáré wá. Àìsàn tí ó bá ń sáré, ènìyàn á rí eruku rẹ̀ lókèèrè. Èyí ń wọ́ bọ̀ bí ìgbín ni. Lákọ̀ọ́kọ́, Àbẹ̀jẹ́ á dúró láàrin ọ̀rọ̀, á ní, "Kí la tún ń pe... ohun tí a fi ń bu omi yìí?" A ó rẹ́rìn-ín, a ó ní igbá ni, ìyá arúgbó. Ní ọdún kejì, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó fúnra rẹ̀ láìsí ìlù. Ní ọdún kẹta, gírì gbé e ṣánlẹ̀ nínú ọjà. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó wo Ọdẹ́gbàmí títí, ó ní, "Mo mọ̀ yín o. Ṣùgbọ́n n kò rí ohun tí mo máa ń pè yín mú."

Ọkùnrin tí ó ti dojú kọ erin jókòó sílẹ̀ láàrin ọjà.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan nílùú. Dókítà obìnrin kan, ọmọdé ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tutù, ya fọ́tò inú orí rẹ̀, ó sì nà án sí ìmọ́lẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ wo ibi tó funfun yìí. Kókó ni, nínú ọpọlọ. Kì í ṣe oníkánjú. Ó lè ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, kó máa dàgbà díẹ̀díẹ̀. A lè gé lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti na ọwọ́ sáàrin ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbé. Bí a bá gé e jù, ọ̀rọ̀ màmá á bá a lọ. Bí a bá gé e kéré jù, á tún tètè dàgbà."

Ọdẹ́gbàmí bi í pé, "Ẹ dákun, níbo ni nǹkan yìí ti wá?"

Dókítà gbé fọ́tò náà kalẹ̀. "Bàbá, ibi tó ti wá gan-an ni àwọn tó mọ̀ jù mí lọ ṣì ń wá kiri."

Ó ní kí wọ́n lọ rò ó fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí wọ́n padà wá. Wọ́n padà sílé. Ní ọjọ́ kejì ni ẹnì kan jókòó ti Ọdẹ́gbàmí níwájú ilé, ó ní, "Ọ̀rẹ́, orí ni àìsàn yìí wà. Ta ni ọwọ́ rẹ̀ ń kan orí Àbẹ̀jẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀?" Ẹnì kan ni mo wí. Ẹ má tíì bi mí ní orúkọ rẹ̀. Bí a bá débẹ̀, n ó sọ.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọdẹ́gbàmí lára bí ẹ̀gún. Nígbà tí Ràfátù dé lọ́jọ́rú pẹ̀lú òòyà rẹ̀, ó bá ọkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ràfátù, padà."

"Baba Fóyè, ṣé kò sí o?"

"Mo ní o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan orí ìyàwó mi mọ́. Ẹni tó gbin nǹkan, òun náà ló mọ bó ṣe ń hù."

Ràfátù dúró bí ẹni tí òjò pa lójijì. Kò pariwo, kò sì ṣépè. Ó fi òòyà náà há orí òpó ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Òòyà mi nìyí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá rí ẹni tó gbìn ín, ẹ mú un wá fún mi." Ó yí padà, ó lọ. Láti inú yàrá ni Àbẹ̀jẹ́ ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó kọ oúnjẹ lọ́jọ́ náà, irun rẹ̀ sì wà ní títú bí ìtẹ́ ẹyẹ ẹ̀gà.

Ọdẹ́gbàmí wá pinnu pé òun yóò wọ inú orí ìyàwó òun lọ. Yóò rí ipa ẹsẹ̀ ẹni tí ó gbé kókó náà wọlé, yóò sì yìnbọn fún un níbi tí ó bá sùn sí. Ẹ̀yin ará mi, ẹ má lanu. Ẹ kò ha ti rí àwùjẹ̀ ọmọ tuntun rí, bí ó ti ń mí fùkẹ̀fùkẹ̀ lórí? Ẹnu-ọ̀nà ni. Bí ọmọ bá dàgbà, a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni orí lè ṣí i fún ẹni tí ó bá fẹ́ràn. Àwa ọdẹ àgbà mọ ewé tí a fi ń kànkùn níbẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀ lójú gbogbo yín, nítorí mo rí àwọn kan níbí tí wọn yóò lọ wo ibi tí ìyàwó wọn fi ẹran pamọ́ sí.

Àbẹ̀jẹ́ gbà, ṣùgbọ́n ó ka òfin fún un. Ó ní, "Ẹ bọ́ bàtà yín, n kò fẹ́ ẹrẹ̀ nínú mi. Ẹ má tú ẹrù mi. Bí ẹ bá sì dé ibi tí mo ti ń bú yín, ẹ má dúró gbọ́, ẹ máa kọjá lọ."

Ọdẹ́gbàmí ní, "Ṣé ibẹ̀ pọ̀ ni?"

Àbẹ̀jẹ́ ní, "Ẹ kó oúnjẹ dání."

Bí ó ti kànkùn, ilẹ̀ là lábẹ́ rẹ̀, ó sì bá ara rẹ̀ níwájú bodè kan tí a fi egungun kọ́, níbi tí igbó ńlá kan ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn igi ibẹ̀ kò dàbí igi wa. Ẹ̀ka wọn ń na ọwọ́ síra, wọn kò sì kan ara wọn. Iná kékeré kan ni ó ń fò láàrin wọn pìlà, pìlà, bí ìgbà tí tannátanná ń ránṣẹ́ ìfẹ́. Bàbá arúgbó kan tí ara rẹ̀ rọ̀ bí etí ẹran jókòó sẹ́nu bodè náà.

Ó ní, "Ọdẹ, kí lò ń wá?"

"Ipa ẹsẹ̀ àjèjì ni."

Arúgbó náà ní, "Láti ọjọ́ tí a ti bí ọmọ yìí ni mo ti jókòó síbí. Àjèjì kankan kò wọlé."

"Bóyá ẹ sùn lọ."

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí ara rẹ̀ fi gbọ̀n. "Ẹni tó ti dájọ́ nílé tó wá ń gbẹ́jọ́ lóko! Máa lọ. Ògiri ọgbà nìyẹn. Rìn ín yí ká."

Ọdẹ́gbàmí rìn ín yí ká. Ọjọ́ méje ni ó fi tẹ̀ lé ògiri igbó náà, ojú ńlẹ̀, imú ńlẹ̀, bí ajá tí ó gbóòórùn òkété. Kò rí ẹsẹ̀ ènìyàn, kò rí ti ẹranko, kò rí ihò tí eku lè gbà. Ohun kan ṣoṣo ni ó rí: lókè ògiri náà níta, àwọn ọ̀nà tóóró-tóóró kan wà, tí ó tọ́, tí ó mọ́ tónítóní, tí ewéko tútù hù létí wọn. Ẹyẹ ń kọrin níbẹ̀, orin náà sì kún fún òfófó láti ìgbà ọmọge wọn. Ìlà òòyà Ràfátù ni. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó wọ inú. Ọdẹ́gbàmí rí i, ọkàn rẹ̀ gún un díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbójú kúrò. Ojú tí ó bá ti yan ohun tí yóò rí, ó ṣòro kí ó rí òmíràn.

Ní ọjọ́ keje náà ni ìjì dé. Kì í ṣe ìjì olójò. Igi kan ló kọ́kọ́ tan iná, èkejì gbà á, ìkẹta gbà á, títí gbogbo igbó fi ń tàn lẹ́ẹ̀kan náà, tí gbogbo igi ń pariwo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Igbá! Igbá! Igbá!" Ilẹ̀ ń mì. Ọdẹ́gbàmí mọ̀ lọ́gán pé gírì ti tún gbé ìyàwó òun níta, kò sì sí òun nílé láti di orí rẹ̀ mú. Ó kígbe, "Àbẹ̀jẹ́!" Mànàmáná gbá a lulẹ̀. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, bí mo bá wà níbẹ̀, ǹ bá ti gbá mànàmáná náà padà. Ṣùgbọ́n n kò sí níbẹ̀. Ohun tí ó gba ọ̀rẹ́ mi là ni apá gígùn kan tí ó nà láti inú igbó, tí ó fà á wọ abẹ́ ara rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ dákẹ́, ó rí ẹni tí ó fà á. Obìnrin kan ni, ara rẹ̀ rí bí ìràwọ̀, apá rẹ̀ kò níye. Ó fi apá kan fún igi lóúnjẹ, ó fi òmíràn nu ilẹ̀, ó fi òmíràn gba omi. Ìyá Alápá-púpọ̀ ni wọ́n ń pè é nínú igbó náà. Òun ni ó ń bọ́ gbogbo ìlú.

Ó ní, "Ọkọ wa, ẹ kú ewu. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ẹ ti ń rìn yí ògiri ká fún ọjọ́ méje. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ọdún mélòó lẹ ti ń dọdẹ?"

"Ogójì ọdún."

"Bí ẹ bá ń wá ẹran tí ẹ kò mọ ibùgbé rẹ̀, níbo lẹ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtọpa?"

"Létí odò ni. Ẹran á gbàgbé ihò, kò ní gbàgbé odò."

"Kí ló wá gbé yín dé ìdí ògiri?"

Ohun tí ọmọ ọdẹ ń kọ́ lọ́dún àkọ́kọ́ ni Ọdẹ́gbàmí ti gbàgbé, nítorí pé kì í ṣe ẹran ni ó ń wá láti ìgbà tí ó ti wọlé. Ẹni tí yóò bá wí ni ó ń wá. Ó dojú bolẹ̀, ó ní, "Ẹ fi ọ̀nà odò hàn mí, ìyá."

Odò náà wà ní àárín gbùngbùn igbó, nínú àfonífojì kan tí ó jìn. Omi rẹ̀ mọ́ gaara bí ojú ọmọ tuntun. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kan jókòó létí rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹsẹ̀ sómi, wọn kò ṣe iṣẹ́ kankan. Alágbàtọ́ wọn, obìnrin arúgbó kan tí ó gbọ́mọ méjì pọ̀n, na ọ̀pá dí ọ̀nà.

"Àlọ́ mi kí o tó kọjá. Ta ni àgbà ìlú tí kò tíì hu eyín?"

Ọdẹ́gbàmí ronú. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wo àwọn ọmọ náà. Ó ní, "Àwọn yìí ni. Bí gbogbo ìlú bá ti inú wọn jáde, àwọn ló dàgbà jù. Bí wọn kò bá sì tíì gba iṣẹ́, ọmọdé ni wọ́n."

Arúgbó náà gbé ọ̀pá kúrò. "Orí rẹ pé. Wò wọ́n dáadáa. Bí ọ̀kan nínú wọn bá pín sí méjì, ọ̀kan á jókòó sípò rẹ̀, èkejì á gbéra lọ gba iṣẹ́. Ó lè di ìránṣẹ́ tó ń gbé ọ̀rọ̀. Ó lè dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ń fi òrí pa okùn àwọn ìránṣẹ́ kó lè yọ̀, kí ọ̀rọ̀ lè sáré. Ó sì lè di alápá-púpọ̀. Bó bá ti gbaṣẹ́, ó ti dàgbà nìyẹn, kì í fi bẹ́ẹ̀ bí mọ́."

"Ṣé ọ̀kan nínú wọn ló di kókó?"

Obìnrin náà fi ọwọ́ pa ọmọ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí. "Mo fura. Kókó náà jọ wọ́n jù. Kì í gbaṣẹ́, kì í sì í yéé bímọ. Bóyá ọ̀kan ló kúrò níhìn-ín láìgbọ́ iṣẹ́ tí a rán an tán. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń fi òrí pa okùn ní àwọn fura sí ọmọ iṣẹ́ tiwọn kan tí kò tíì gba òmìnira. Ìyá Alápá-púpọ̀ náà, tí o rí i tó ń fi gbogbo apá ṣiṣẹ́ yẹn, ẹ̀rù ń bà á pé bóyá nínú ilé tòun lẹnì kan ti dàgbà tán tó tún fẹ́ padà ṣe ọmọdé. Olúkálukú ló ń ka ọmọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí iye rẹ̀ pé. Lọ bi kókó náà fúnra rẹ̀, ọdẹ. Ojú ọ̀nà nìyẹn."

Ọdẹ́gbàmí kì ìbọn rẹ̀, ó tẹ̀ lé ojú ọ̀nà náà láti etí odò, ọwọ́ òsì, títí ó fi yọ sí abúlé kan. Abúlé Ọ̀rọ̀ ni. Ilé kéékèèké ni ó kún ibẹ̀, nínú ilé kọ̀ọ̀kan ọ̀rọ̀ kan ń sọ ara rẹ̀: "iyọ̀, iyọ̀" nínú èyí, "àbúrò" nínú tọ̀hún, "ó ti tó" nínú òmíràn. Láàrin àwọn ilé náà ni ó ti rí ohun tí ó ń wá.

Ẹ̀yin ará mi, ó ti múra sílẹ̀ fún ẹbọra olójú mẹ́rìndínlógún. Ohun tí ó rí ni ọmọdébìnrin kan tí kò ju ọdún mẹ́wàá lọ, kúkúrú, eléjí. Àbẹ̀jẹ́ ni! Àbẹ̀jẹ́ bí ó ti wà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn, òmíràn, gbogbo wọn jókòó pọ̀ gádígádí, ìka wọn sì gùn bí ìtàkùn, ó wọ́ yí àwọn ilé náà ká.

Ọdẹ́gbàmí na ìbọn. "Ta ló rán yín wá?"

Èyí tí ó wà níwájú fèsì, ohùn rẹ̀ ń fà bí ohùn ẹni tí oorun ń kùn. "Kò sẹ́ni tó rán wa wá."

"Ràfátù ńkọ́?"

"Ta ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹni tó máa ń kọrin lórí òrùlé wa lọ́jọ́rú ni? Orin rẹ̀ dùn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí a kò gbọ́ ọ mọ́."

Ẹnu ìbọn rẹlẹ̀ díẹ̀. "Níbo lo ti wá?"

"Wọ́n rán mi níṣẹ́. Mo gbàgbé iṣẹ́ náà lójú ọ̀nà. Bóyá etí odò ni mo ti ń bọ̀, bóyá ilé àwọn a-fi-òrí-pa-okùn ni. Ẹni tó bá mọ ibi tí òun ti ṣìnà, ẹ̀yin ọdẹ, kò tíì ṣìnà. Ohun kan ṣoṣo tí n kò gbàgbé ni bí a ṣe ń bímọ. Mo jókòó, mo ń bí. Ṣé ohun tó dáa kọ́ ni?"

"Ò ń pa ìyá ilé."

"Ta ni ìyá ilé?" ni ọmọ náà wí, kò sì ṣe àwàdà.

Inú bí Ọdẹ́gbàmí. Ó tún gbé ìbọn sókè, ó fi ìka sí i. Àfi bí ó ti gbọ́ ohùn kan láti inú ilé tí ìka ọmọ náà yí ká jù lọ. Ohùn Àbẹ̀jẹ́ ni, ó ń ṣàwàdà: "Baba Fóyè, ṣé ẹ̀yin lẹ pa ẹran yẹn, àbí àárẹ̀ ló pa á?" Ó yọjú wò ó. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n wà níbẹ̀, tí a tò jọ bí iṣu inú àká. Gbogbo ẹran tí ó pa rí, gbogbo ẹ̀rín tí wọ́n rín lé e, kò sí ọ̀kan tí ó sọnù. Ìka ọmọ náà wọ́ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, ó wọ́ mọ́ òrùlé rẹ̀. Bí ó bá yìnbọn, ilé náà á bá a lọ.

Ó sọ ìbọn kalẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ ní Abúlé Ọ̀rọ̀, ó sì sunkún bí ọkùnrin ti í sunkún, láìpariwo. Ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá tí ẹnikẹ́ni gbìn. Ara Àbẹ̀jẹ́ ni, tí ó ṣìnà nínú ilé ara rẹ̀.

Nígbà tí ó nu ojú tán, iṣẹ́ ọdẹ wá sí i lọ́kàn. Ẹ mọ ààlè. Bí a bá ní igi obì tí a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, a ó so màrìwò àti ìkarahun ìgbín mọ́ ọn, olóòótọ́ àti olè ni yóò kọjá lọ. Ọdẹ́gbàmí tú àpò rẹ̀. Ó ń tọ ìka àwọn ọmọ náà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìka tí ó bá nà sórí ilẹ̀ òfìfo, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìka tí ó bá kan ilé ọ̀rọ̀, ó so ààlè síwájú ilé náà. Nígbà tí màrìwò tán, ó ya ẹ̀wù rẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó sì ń so ó.

Ó wí fún ọmọ náà pé, "Àwọn dókítà ń bọ̀ wá mú nínú yín. Wọn kò ní kọjá ààlè. Ẹ̀yin tó bá kù, ẹ jókòó jẹ́ẹ́."

"A kò mọ bí a ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́."

"Mo mọ̀. N ó máa wá wò yín."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí tí èmi tàbí ìyá ilé yóò fi lọ."

Lójijì, afẹ́fẹ́ ńlá kan gbá a láti ẹ̀yìn, "Hàtíṣù!" ó sì bá ara rẹ̀ lórí ẹní nínú yàrá, ìhòòhò dé ìbàdí. Àbẹ̀jẹ́ ń nu imú. Ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Mo ní ẹ bọ́ bàtà. Ta ló ní kí ẹ bọ́ ẹ̀wù?"

Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, Ọdẹ́gbàmí mú òòyà lórí òpó, ó sì mú èmi náà dání, a lọ sílé Ràfátù. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. Èmi náà dọ̀bálẹ̀.

Ràfátù ń gbálẹ̀, kò dá ìgbálẹ̀ dúró. "Baba Fóyè, ẹ rí ẹni tó gbìn ín?"

"Kò sẹ́ni tó gbìn ín, Ràfátù. Nínú ara rẹ̀ ló ti yọ, kò sì sí ẹni tó mọ ilé tó ti jáde. Àwọn ará ibẹ̀ gan-an ń béèrè orin rẹ."

Ọwọ́ Ràfátù dúró lórí ìgbálẹ̀. "Ta ló wá sọ fún yín pé èmi ni?"

Ọdẹ́gbàmí kò fèsì. Ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni. Ẹ̀yin ará mi, mo ní bí a bá débẹ̀, n ó sọ. A ti débẹ̀. Èmi ni. Èmi Ògúnṣínà tí mo pa ẹfọ̀n méje, ẹnu mi yìí ni mo fi pa ìbáṣọ̀rẹ́ obìnrin méjì, láìní ìbọn. Mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un nínú eruku níbẹ̀.

Ràfátù wò mí títí. Ó ní, "Ẹ̀yin tí àmọ̀tẹ́kùn ń sá fún. Ahọ́n yín ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ so ààlè mọ́." Lẹ́yìn náà ó gba òòyà, ó gbọn eruku ara rẹ̀ kúrò, ó sì ṣíwájú wa lọ sílé Àbẹ̀jẹ́. Irun tí ó dì lọ́jọ́ náà, ó pa gbogbo rẹ̀ sí ọ̀tún, ó fi apá òsì sílẹ̀ gbangba fún ọ̀bẹ dókítà. Bí ó ti ń dì í ni omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí Àbẹ̀jẹ́, Àbẹ̀jẹ́ sì ń ní, "Ràfátù, ṣé ò ń dì mí ni àbí ò ń fọ̀ mí?"

Nígbà tí a padà dé ilé ìwòsàn, Ọdẹ́gbàmí ro ọ̀rọ̀ ààlè fún dókítà. Dókítà kò fi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, àwa náà ní ààlè tiwa. A ó jí màmá sílẹ̀ bí a bá ti ṣí orí wọn, a ó máa mú wọn sọ̀rọ̀. Ibi tí a bá fọwọ́ kàn tí ọ̀rọ̀ wọn bá dá, a kò ní gé ibẹ̀." Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, tí ó jáde sí wa, ó rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní wọ́n mú èyí tí ó pọ̀, wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀. Ó ní, "Kí ni bàbá ṣe fún màmá? Fún wákàtí méjì gbáko, àwọn ẹran tí bàbá kò pa ni wọ́n ń kà fún wa."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, lọ́jọ́rú, Ràfátù jókòó sórí àpótí, Àbẹ̀jẹ́ wà láàrin orúnkún rẹ̀, òòyà ń rọra yí ojú ọgbẹ́ náà ká. Ọ̀rọ̀ Àbẹ̀jẹ́ kò tíì pé. Ó ṣì ń pe igbá ní àwo, ó ń pe Fóyè ní orúkọ àbúrò rẹ̀. Ọdẹ́gbàmí ti igbó dé, ó sọ etu kékeré kan kalẹ̀. Àbẹ̀jẹ́ gbójú sókè, ó wò ó, ẹnu rẹ̀ ń wá nǹkan kò rí i.

Ó ní, "Ẹ dúró. N kò tíì rí ohun tí mo ń pè yín." Ó tún wo etu náà. Èjí rẹ̀ yọ. "Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àárẹ̀ ló pa nǹkan yẹn."

Ọdẹ́gbàmí jókòó sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ti ẹran rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Ó ní, "Àárẹ̀ ni, ìyá Fóyè. Èmi kàn bá wọn gbé òkú."

Ní oṣù mẹ́fàmẹ́fà ni wọ́n ń lọ ya fọ́tò, kí Ọdẹ́gbàmí lè mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ fún àwọn tí ó kù lábẹ́ ààlè. Ràfátù ni ó ń tú irun náà kí wọ́n tó lọ, òun ni ó ń tún un dì bí wọ́n bá dé, orin rẹ̀ sì ń dé òrùlé ibẹ̀. Ẹ dìde, ẹ̀yin ará mi. Mo ń gbóòórùn iṣu kan tí ó ń jóná, ẹni tí ó ni ín kò sì ní fẹ́ jẹ́wọ́.